Yíyára láì kánjú: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ di ọ̀ta nínú ṣẹ́ẹ̀sì blitz orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ wo ọ̀ta kan tó ń ta blitz, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀sì tí àkókò rẹ̀ kúrú, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró. Alátakò ò tíì gbé ọmọ kalẹ̀ tán, èsì ti dé ojú ọpọ́n. Ẹni tó ń wòran á ní ọwọ́ rẹ̀ ló yá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì, mo sì ń ta eré oníṣẹ́jú kan, ogún, ọgbọ̀n lójúmọ́, kí ọwọ́ tèmi lè yá bíi tiwọn. Ọwọ́ yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n rating mi, nọ́ńbà tí ìkànnì fi ń wọn agbára ẹni, ò kúrò lójú kan.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí. Ìmọ̀ ọ̀ta ti wà nílẹ̀ kí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Ohun tí èmi àti ẹ̀yin ń fi ogún ìṣẹ́jú àáyá rò, ó ti rò ó tán lọ́jọ́ mìíràn, níbi tí aago kankan ò ti lé e. Ní 1970, ní Herceg Novi ní Yugoslavia, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ayé péjọ fún ìdíje blitz kan. Bobby Fischer gba 19 nínú 22; Mikhail Tal tó ṣe ìkejì gba 14½. Magnus Carlsen gba adé blitz àgbáyé lọ́pọ̀ ìgbà, lára wọn ni 2014, 2017, 2018, 2019, 2022 àti 2023, òun kan náà ló sì wà lórí oyè ṣẹ́ẹ̀sì onífarabalẹ̀ láti 2013 di 2023. Ẹni tí eré gígùn yé dáadáa ni eré kúkúrú ń rọ̀ lọ́rùn. Nítorí náà, púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí màá là sílẹ̀ níbí, ẹ ò ní ṣe é nígbà tí aago ń sáré.

Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ọba, ayaba, rook, bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin àti pawn ni màá máa pe àwọn ọmọ. Màá sì kọ ìrìn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ káàkiri ayé: Nf6 ni pé ẹṣin lọ sí f6, Qe2 ni pé ayaba lọ sí e2, B ni bíṣọ́ọ̀bù. Tí kò bá sí lẹ́tà ńlá, bíi e4, pawn ló rìn; x ni pé ó jẹ ọmọ kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú aago kan, kí ẹ dúró tì í

FIDE, ẹgbẹ́ tó ń darí ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, ka eré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 10 tàbí kó dín sí blitz. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, eré tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń pè ní bullet. Tí ẹ bá rí 3+0, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, kò sí àfikún. Tí ẹ bá rí 3+2, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n àáyá méjì á máa wọlé lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan. Fischer tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló forúkọ irú aago aláfikún bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1988, wọ́n sì fọwọ́ sí i fún un ní 1989.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní eré kan gba ìrìn 40. Nínú 3+0, àáyá 180 lẹ ní fún gbogbo rẹ̀, ìyẹn àáyá mẹ́rin àtààbọ̀ fún ìrìn kan. Nínú 3+2, 180 pẹ̀lú 80 jẹ́ 260, ìyẹn àáyá mẹ́fà àtààbọ̀. Àáyá méjì tó wà láàárín wọn kéré lójú, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni ẹ ti máa rí àyè béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tí màá sọ nípa rẹ̀ níwájú. Àfikún náà sì ni kì í jẹ́ kí eré tí ẹ ti jẹ tán bọ́ lọ́wọ́ yín nítorí aago lásán.

Ìmọ̀ràn mi ni 3+2 tàbí 5+3 fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ má fọwọ́ kan bullet rárá láàárín àsìkò náà. Ẹ fi eré gígùn kan kún un lọ́sẹ̀, 15+10 ó kéré tán. Mo mọ̀ pé èyí á ṣòro fún ẹni tí bullet ti wọ̀ lára. Ó ṣòro fún èmi náà. Bullet dùn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ti mọ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ máa tún ṣe, àṣìṣe yín pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tún ibi iṣẹ́ yín ṣe

Èyí ò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ lọ sí ibi ètò nínú ìkànnì tí ẹ ń lò. Ẹ jẹ́ kí pawn tó bá dé òpin ọpọ́n máa di ayaba fúnra rẹ̀. Ẹ pa ètò tó ń ní kí ẹ fọwọ́ sí gbogbo ìrìn. Ẹ yan ọ̀nà kan láti gbé ọmọ, yálà fífà tàbí títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ mọ́. Lichess, ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì, ní ètò kan tó ń jẹ́ Zen tó ń fi orúkọ àti rating alátakò pamọ́. Ẹ tàn án, nítorí rating tó ga máa ń ba èèyàn lẹ́rù kí ìrìn àkọ́kọ́ tó wáyé. Tí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fi kọ̀ǹpútà ta dípò fóònù. Àtàǹpàkò máa ń ṣì í tẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́ta péré

Ọ̀ta blitz lè má mọ ìbẹ̀rẹ̀ tó pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó mọ̀, ó mọ̀ ọ́n dé gbòǹgbò. Ẹ yan ọ̀kan fún ìgbà tí ẹ bá mú funfun, ọ̀kan tí ẹ ó fi dá e4 lóhùn, ọ̀kan tí ẹ ó fi dá d4 lóhùn. Ẹni tó fẹ́ràn ìfarabalẹ̀ lè mú London (1.d4, kí Bf4 tẹ̀lé e láìpẹ́), ẹni tó fẹ́ràn ìjà lè mú Vienna (1.e4 e5 2.Nc3). Fún dúdú, Caro-Kann (1.e4 c6 2.d4 d5) lágbára, kò sì gba kí èèyàn há nǹkan púpọ̀ sórí.

Ẹ má há ogún ìrìn sórí. Alátakò yín ò há a, á yà kúrò lójú ọ̀nà ní ìrìn kẹrin. Dípò bẹ́ẹ̀, nípa ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ mọ ibi tí ọba yín ń lọ, pawn tí ẹ ó fi tú àárín ọpọ́n, ọmọ yín tó yẹ kó jáde kí ọ̀nà tó dí mọ́ ọn, àti ohun tí alátakò sábà máa ń fi halẹ̀ mọ́ yín. Ẹ wo Caro-Kann nígbà tí funfun bá ti pawn rẹ̀ lọ sí e5 ní ìrìn kẹta. Bíṣọ́ọ̀bù dúdú gbọ́dọ̀ jáde sí f5 kí pawn e6 tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni pawn c á lọ sí c5 láti gbógun ti d4. Ẹni tó mọ gbólóhùn kan yìí lè ta ìrìn mẹ́jọ àkọ́kọ́ láàárín ogún àáyá, kó sì mọ ìdí tí ó fi gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ìdí yẹn ló ń gba èèyàn là. Ẹ wo èyí nínú Caro-Kann kan náà: 1.e4 c6 2.d4 d5 3.Nc3 dxe4 4.Nxe4 Nd7 5.Qe2. Ìrìn ayaba yẹn rí bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Dúdú tó ń fi àṣà ta eré á gbé ẹṣin kejì sí f6 láì wo ojú ọpọ́n, nítorí ibẹ̀ ni ẹṣin náà ń lọ ní gbogbo ọjọ́. Funfun á dáhùn 6.Nd6, eré parí, ọba dúdú ti kú. Pawn e7 ò lè jẹ ẹṣin yẹn, nítorí ayaba tó wà ní e2 ti so ó mọ́ iwájú ọba. Ìrìn mẹ́fà péré! Mo ti kú ikú yìí rí, mo sì ti fi pa ẹlòmíràn. Ní ìgbà méjèèjì, ẹni tó kú mọ ìrìn, kò mọ ohun tí ìrìn alátakò wá ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kó àwòrán sí ojú

Adriaan de Groot, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ọmọ Netherlands, ṣe ìwádìí lórí bí àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ṣe ń ronú. Ó fi ọpọ́n kan tó wá láti inú eré gidi hàn wọ́n fún àáyá díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tún un tò láti orí. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tò gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn tí kò lágbára tó wọn rántí díẹ̀. Ní 1973, William Chase àti Herbert Simon tún un ṣe ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ohun kan kún un: nígbà tí wọ́n da àwọn ọmọ sórí ọpọ́n láìlétò, bí wọn kò ṣe lè wà nínú eré kankan, àǹfààní tí àgbà ọ̀jẹ̀ ní fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Èyí fi hàn pé agbára ìrántí rẹ̀ ò ju tiwa lọ. Ohun tó ní ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán tó ti mọ̀ rí. Níbi tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti rí ọmọ márùn-ún, òun rí ohun kan ṣoṣo, bí ẹ ṣe ń rí ọ̀rọ̀ kan láì ka lẹ́tà inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Bí a ṣe ń kó àwòrán wọ̀nyí jọ ni yíyanjú àdììtú ojú ọpọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ṣe é kò dáa. Wọ́n á wo àdììtú, wọ́n á gbé ìrìn tó bá kọ́kọ́ wá sọ́kàn, tí kò bá ṣe é, wọ́n á gbé òmíràn. Èyí ń kọ́ ọwọ́ yín láti máa méfò. Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ kó ọgọ́rùn-ún àdììtú jọ, kí wọ́n rọrùn díẹ̀ ju agbára yín lọ. Ẹ yanjú wọn láìsí aago, ẹ má gbé ọmọ kankan títí ẹ ó fi rí ìdáhùn dé òpin, títí kan èsì alátakò. Ó lè gbà yín ní ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí ọgọ́rùn-ún kan náà, kí ẹ parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ní ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ní ìjókòó kan. Ní ìgbà kẹrin yìí, ẹ ò ní ronú mọ́, ojú yín á kàn rí i. Ẹ̀rí pé ó ti wọlé nìyẹn, ẹ wá kó ọgọ́rùn-ún mìíràn.

Àwọn àwòrán kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bí orúkọ yín. Àkọ́kọ́ ni ikú ìlà ẹ̀yìn, níbi tí pawn mẹ́ta ti há ọba mọ́ ìlà ẹ̀yìn, tí rook kan sì wọlé. Èkejì ni ikú àhámọ́: ẹṣin lọ sí h6 pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì (ìhalẹ̀ mọ́ ọba) méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọba sá sí h8, ayaba fi ara rẹ̀ rúbọ ní g8, rook jẹ ẹ́, ẹṣin padà sí f7, ọba ò ríbi sá sí. Èkẹta ni ìrúbọ h7: bíṣọ́ọ̀bù jẹ pawn h7 pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì, ọba jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin fò sí g5, ayaba tẹ̀lé e sí h5. Ẹ kọ́ èkẹta yìí dáadáa kí ẹ mọ ìgbà tí kì í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí tí ẹṣin dúdú bá wà ní f6, ó ń ṣọ́ h5, ayaba ò ní lè dé ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àdììtú tó ní aago, irú Puzzle Storm ti Lichess tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, tàbí Puzzle Rush ti Chess.com, dára fún ìmúra kí ẹ tó ta eré, ìdíje kan tàbí méjì péré. Ìdánwò ni, ẹ̀kọ́ wà nínú iṣẹ́ aláìlágo.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ọ̀ta ṣe ń ná àkókò rẹ̀

Ibí ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù láàárín ọ̀ta àti ẹni tó kàn ń sáré. Ẹni tó ń sáré máa ń fún gbogbo ìrìn ní àkókò kan náà. Ọ̀ta mọ̀ pé ìrìn ò dọ́gba.

Àwọn ìrìn kan wà tí kò sí yíyàn nínú wọn. Wọ́n jẹ ọmọ yín, ẹ jẹ ti wọn padà. Wọ́n ní ṣẹ́ẹ̀kì, ibì kan ṣoṣo ni ọba lè lọ. Àáyá kan ti tó. Àwọn kan wà tí ìrìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin dára bákan náà. Ibẹ̀ ni èmi ti máa ń ṣòfò jù. Mo rántí eré kan nínú ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ti fi odidi rook kan ṣáájú. Ìrìn méjì ló wà níwájú mi, èyíkéyìí nínú wọn á jẹ eré náà, mo sì jókòó fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú kan, mo ń wá èyí tó dára jù. Mo yan èyí tó dára jù. Lẹ́yìn ìrìn mẹ́sàn-án, aago mi tán. Láti ọjọ́ náà, òfin mi ni pé tí ìrìn méjì bá dára tí mi ò sì rí ìyàtọ̀ láàárín àáyá márùn-ún, èyí tó ń mú ọmọ mi sún mọ́ àárín ọpọ́n ni mo ń gbé, mo sì ń tẹ̀síwájú.

Ìsọ̀rí kẹta ni oríta. Nínú eré kan, méjì tàbí mẹ́ta péré ni: ìgbà tí ẹ fẹ́ rúbọ, ìgbà tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ ayaba, ìgbà tí pawn àárín fẹ́ pàdé tí ojú ọpọ́n yóò yí padà pátápátá, tí kò ní ṣeé tún ṣe mọ́. Níbẹ̀, ẹ ná ogún àáyá, kódà ọgbọ̀n. Gbogbo àkókò tí ẹ ti ń ṣọ́ná láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ lẹ ṣe ń ṣọ́ ọ. Nínú 3+2, mo máa ń fẹ́ kí ìrìn mẹ́wàá àkọ́kọ́ má gbà ju ogún àáyá lọ, kí n sì ní ó kéré tán ọgbọ̀n àáyá lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ńlá bá ti kúrò nílẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo ṣèlérí nìyí: *kí ni ìrìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé yìí ń fẹ́?* Ẹ béèrè rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìrìn alátakò, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Kì í gbà ju àáyá méjì lọ tí ẹ bá tẹ̀ lé ètò kan náà nígbà gbogbo: ṣé ṣẹ́ẹ̀kì wà tó lè fún mi? Kí ló lè jẹ? Kí ló fi ń halẹ̀? Tí mo bá ní kí n fún yín ní ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, èyí ni. Àwọn eré tí ẹ ń pàdánù nítorí pé ayaba yín kàn wà níbi tí wọ́n ti lè jẹ ẹ́, ìbéèrè yìí ló ń dá wọn dúró.

Nípa ọ̀nà ìtayò fúnra rẹ̀, ẹ wo bí àwọn tó lágbára ṣe ń tò ọmọ. Ọmọ kan kì í wà níta láìní èyí tó ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn. Nínú eré onífarabalẹ̀, ẹ lè fi ẹṣin kan sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́ nítorí ẹ ti wò ó pé kò séwu. Nínú blitz, ẹ ò ní àyè láti máa wò ó ní gbogbo ìrìn, nítorí náà ọmọ tí kò lẹ́yìn ni ọmọ tí wọn yóò jẹ láìpẹ́, nígbà tí ayaba wọn bá wá halẹ̀ mọ́ òun àti ohun mìíràn lẹ́ẹ̀kan. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa rìn pọ̀.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń di ẹrù lé alátakò lórí. Nígbà tí aago ń sáré, ìgbèjà le ju ìkọlù lọ: ẹni tó ń kọlù lè ṣì í ṣe kó kàn pàdánù àǹfààní díẹ̀, ẹni tó ń gbèjà bá ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, ọba rẹ̀ kú. Nítorí náà, tí ìrìn méjì bá dọ́gba lójú yín, ẹ gbé èyí tó máa fún alátakò ní ìbéèrè láti dáhùn. Tí ẹ bá ti fi ọmọ kan ṣáájú, ẹ máa pààrọ̀ àwọn ọmọ ńlá, kí ojú ọpọ́n mọ́, kí ohun tó lè ya yín lẹ́nu dín kù. Tí ẹ bá wà lẹ́yìn, ẹ má gbà kí wọ́n pààrọ̀ ayaba, ẹ jẹ́ kí ojú ọpọ́n díjú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ṣe òdìkejì méjèèjì. Ẹni tó ń borí á máa wá ikú tó lẹ́wà, ẹni tó ń pàdánù á máa pààrọ̀ títí ọba rẹ̀ yóò fi ṣẹ́ kù nìkan.

Àkókò alátakò náà, ti yín ni. Nígbà tó bá ń ronú, ẹ wo ọ̀nà méjì tó ṣeé ṣe kó gbà, kí ẹ mú èsì sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú ohun tó dà bí ìyára ọwọ́ ọ̀ta, ibí ló ti wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìparí eré, àti ìrìn tí a pàṣẹ rẹ̀ sílẹ̀

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń fi ọba àti ayaba pa ọba kan ṣoṣo títí ẹ ó fi lè ṣe é láàárín àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ kọ́ ti ọba àti rook títí ẹ ó fi ṣe é láàárín ọgbọ̀n. Lichess ní ibi tí ẹ ti lè fi ẹ̀rọ ṣe alátakò fún irú ìdánrawò yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ ìdojúkọ ọba: nígbà tí ọba méjèèjì bá kojú ara wọn tí ojúlé kan wà láàárín, ẹni tí kò kàn láti rìn ló ni àǹfààní, nítorí ẹnì kejì ni yóò yà kúrò lọ́nà. Nínú ìparí rook, ẹ mọ ibùdó Lucena, níbi tí rook yín ti ń fi ara rẹ̀ ṣe afárá kí ọba lè jáde níwájú pawn tó fẹ́ di ayaba. Kí ẹ sì mọ ti Philidor, níbi tí rook ẹni tó ń gbèjà ti ń dènà ọba alátakò lórí ìlà kẹta sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, títí pawn yóò fi bọ́ síbẹ̀, kó tó wá sá lọ sẹ́yìn láti máa fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì. Méjèèjì yìí á fún yín ní ìṣẹ́gun tàbí ọ̀mì tó pọ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ eré èyíkéyìí tí ẹ lè há sórí.

Ẹ rántí òfin kan tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu: tí aago yín bá tán, ṣùgbọ́n tí ọba nìkan ló kù fún alátakò, ọ̀mì ni, kì í ṣe ìpàdánù. Nítorí náà, tí àáyá díẹ̀ bá kù tí ẹ sì wà nínú ewu, ẹ jẹ pawn rẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ní ti premove, ìyẹn ìrìn tí ẹ pàṣẹ rẹ̀ sílẹ̀ kí alátakò tó gbé tirẹ̀: lórí Lichess, kì í gba àkókò kankan, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ sì lè pàṣẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lórí Chess.com, ìdá kan nínú mẹ́wàá àáyá ló ń gbà, ẹ sì lè tò ó pọ̀. Mo máa ń lò ó níbi mẹ́ta péré. Ìgbà tí alátakò ò lè ṣe ohun mìíràn ju kó jẹ ọmọ mi kí n jẹ tirẹ̀ padà. Ìgbà tí pawn mi ń sáré lọ di ayaba tí kò sí ẹni tó lè bá a. Àti ìgbà tí ọba mi ń rìn níbi tí ohunkóhun ò lè dé. Ẹ má fi ayaba ṣe é nítòsí ọba tó dá wà. Stalemate (ọ̀mì tó ń wáyé nígbà tí ẹni tó kàn ò ní ìrìn kankan, tí ọba rẹ̀ ò sì sí nínú ṣẹ́ẹ̀kì) tí mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe lọ́nà yìí kì í ṣe ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ padà sí eré tí ẹ pàdánù

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó pàdánù tó sì tẹ bọ́tìnnì eré tuntun lójú ẹsẹ̀, iwájú ló ń wò. Tí ẹ bá ta eré mẹ́fà, ẹ mú méjì nínú èyí tí ẹ pàdánù, kí ẹ jókòó tì wọ́n.

Ẹ má tan Stockfish, ẹ̀rọ tó ń yẹ eré ṣẹ́ẹ̀sì wò, lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí eré náà ti bọ́ lọ́wọ́ yín fúnra yín, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ń rò nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá tan ẹ̀rọ, kí ẹ wò bóyá ibẹ̀ náà ló tọ́ka sí. Tí ibi tí ẹ tọ́ka sí bá yàtọ̀ sí tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà wà. Ẹ̀rọ á sọ ìrìn tó yẹ fún yín; kò lè sọ ìdí tí ẹ ò fi rí i.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ lẹ́tà kan sí fún ìpàdánù kọ̀ọ̀kan. A ni àìrí, mi ò rí ohun tó fi halẹ̀. Ì ni ìbẹ̀rẹ̀. G ni aago. P ni ìparí eré. B ni ìbínú. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, mo lè búra pé ìbẹ̀rẹ̀ eré ló ń pa mí, mo sì ń lo gbogbo àkókò mi lórí rẹ̀. Nígbà tí mo ka ogójì ìpàdánù, Ì ò pọ̀ rárá. A ló kún ojú ewé, G ló tẹ̀lé e. Mo pa fídíò ìbẹ̀rẹ̀ eré tì, mo padà sí àdììtú, oṣù tó tẹ̀lé e ni rating mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ọkàn àti rating

Rating kì í ṣe ìwọ̀n ọgbọ́n yín. Lichess ń lo ọ̀nà ìṣirò Glicko-2, 1500 ni gbogbo ẹni tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, Chess.com ń lo Glicko, àwọn tó ń ta níbẹ̀ sì yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi nọ́ńbà ibì kan wé ti ibì kejì. Lójú ìkànnì kan náà, rating á máa lọ sókè sódò láàárín ọjọ́ kan. Ẹ máa wò ó lẹ́ẹ̀kan lósù.

Òfin tó gba rating mi là jù rọrùn: ìpàdánù méjì tẹ̀léra, mo dìde, mo rìn díẹ̀. Mẹ́ta tẹ̀léra, ó parí fún ọjọ́ náà. Ẹni tó bínú kì í béèrè ohun tí alátakò ń fẹ́, ohun tí òun fẹ́ nìkan ló ń rí. Tí oorun bá ń kùn yín, ẹ má ta eré tó ní rating rárá, ẹ yanjú àdììtú díẹ̀ kí ẹ lọ sùn. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ tan ẹ̀rọ nígbà eré, ẹ sá fún un. Àwọn ìkànnì ń ti àkáǹtì pa nítorí rẹ̀, ohun tó sì burú jù ni pé ojú yín ò ní kọ́ àwòrán kankan.

Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe lè rí

Fún ẹni tó ní wákàtí kan lóòjọ́: ọjọ́ mẹ́rin, ìṣẹ́jú ogún fún àdììtú aláìlágo, ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n fún eré 3+2 mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìyókù fún àyẹ̀wò ìpàdánù. Ọjọ́ kan fún ìparí eré nìkan. Ọjọ́ kan fún eré gígùn 15+10 kan àti àyẹ̀wò rẹ̀ dé ìdí. Ọjọ́ keje, ẹ má fọwọ́ kan ọpọ́n.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ṣí ìwé lẹ́tà yín. Tí A bá ṣì ló pọ̀ jù, ẹ dúró sí 3+2, kí ẹ tún oṣù kan ṣe pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún àdììtú tuntun. Tí ó bá jẹ́ P, ẹ fi ọjọ́ ìparí eré kejì kún ọ̀sẹ̀ yín. Tí ó bá jẹ́ G ló kù tí àwọn yòókù sì ti dín kù gan-an, ìgbà yẹn ni kí ẹ gbìyànjú 3+0, eré mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa kọ lẹ́tà yín lọ.